Ẹ̀rọ Tó Dákẹ́ Lè Máa Ṣiṣẹ́ Lọ

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe pín sí ọ̀nà méjì, àmọ́ ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Èkíní ni nẹ́tíwọ̀kì aláìlówáyà, bí ẹ̀rọ ṣe ń fi ìgbì rédíò bá ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Èkejì ni bí kọ̀ǹpútà púpọ̀ tó wà níbi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ṣe ń pawọ́ pọ̀ ṣe iṣẹ́ kan ṣoṣo láìsí ọ̀gá kan tó ń rí gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà; òun ni wọ́n ń pè ní distributed computing. Kubwa ni mò ń gbé, iṣẹ́ náà sì ti gbé mi dé Bwari, Gwagwalada, Kwali, títí dé Abaji ní ìpẹ̀kun ilẹ̀ Àbújá. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí n sọ ohun kan tí mo rí kọ́ lójú gbogbo ọ̀nà yẹn, ohun tí màá sọ ni pé ìdákẹ́jẹ́ ẹ̀rọ kò tó láti fi dájọ́. Bí ẹ bá pe ẹ̀rọ kan tí kò dáhùn, ó lè ti kú lóòótọ́. Ó lè wà láàyè kó máa ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ. Ó lè ti dáhùn, kí ìdáhùn náà sọnù lójú ọ̀nà. Ó sì lè jẹ́ pé ìpè yín gan-an ni kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Níbi tí ẹ jókòó sí, bákan náà ni gbogbo rẹ̀ máa rí lójú yín.

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Láàárín èèyàn, òótọ́ ni. Ẹ̀rọ kò rí bẹ́ẹ̀: ó lè dákẹ́ kó máa fa omi lọ, ó lè dákẹ́ kó máa yọ owó nínú àkáǹtì lọ.

Ẹ jẹ́ kí n mú un láti orí ìgbì. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ ṣe ìwádìí lórí nẹ́tíwọ̀kì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà, pẹ̀lú ètò bíi ns-3 tó ń ṣe àfarawé rédíò. Ó dára, ó sì rọrùn lápò. Àmọ́ ní ọdún 2003, David Kotz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga Dartmouth, l'Amẹ́ríkà, kó àwọn ohun tí àwọn olùwádìí kàn ń gbà bẹ́ẹ̀ láì wádìí rẹ̀ jọ sójú kan: pé ayé tẹ́jú, pé ibi tí rédíò dé rí roboto, pé gbogbo rédíò ló ń dé ibi kan náà, pé bí mo bá gbọ́ ọ, ìwọ náà gbọ́ mi, pé bí mo bá tilẹ̀ gbọ́ ọ, mo gbọ́ ọ ketekete, pé jíjìn ọ̀nà nìkan ló ń sọ bí ìgbì ṣe lágbára tó. Wọ́n wọn rédíò gidi, wọ́n sì fi hàn pé kò sí èyí tó dúró nínú gbogbo rẹ̀.

Ẹni tó ń gbé Àbújá kò nílò ẹlẹ́rìí fún ti pé ayé kò tẹ́jú. Àpáta Aso wà lẹ́yìn ilé ìjọba, òkè Katampe wà láàárín ìlú, Zuma dúró gàgàrà ní Madalla, àpáta Mpape sì wà níbẹ̀. Ilé méjì lè wà ní ìlàjì kìlómítà síra wọn kí òkè kan jókòó sáàárín, kí wọ́n má gbọ́ ara wọn láéláé, kí àwọn méjèèjì sì máa bá òpó tó jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ sọ̀rọ̀ láìsí wàhálà.

Ohun tó tún yà mí lẹ́nu jù ni pé kí ojú rí òpó kejì kò tó. Ìgbì kì í rìn lórí ìlà tín-ín-rín. Ó nílò àyè yí ìlà náà ká, àyè tí wọ́n fi orúkọ Augustin Fresnel, ọmọ ilẹ̀ Faransé, pè. Bí òpó méjì bá fi kìlómítà 10 jìn síra wọn, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ lórí ìwọ̀n ìgbì tí wọ́n ń pè ní 5.8 GHz, àyè náà á ga tó mítà 11 sókè, á sì lọ sílẹ̀ tó mítà 11 ní àárín ọ̀nà. Lórí 2.4 GHz, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 18. Kò pọn dandan kí gbogbo rẹ̀ ṣófo. Bí ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún bá ṣófo, ìsọ̀rọ̀ á já gaara.

Ilé-iṣẹ́ kan gbé irú òpó bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ ní ọ̀nà Gwagwalada ní àkókò ọ̀yẹ́. Ìsọ̀rọ̀ náà dán mọ́rán títí di ìgbà tí òjò bẹ̀rẹ̀. Látìgbà náà, bí òjò bá ti rọ̀ lọ́sàn-án, ìsọ̀rọ̀ á já, á sì padà lálẹ́ tàbí lọ́jọ́ kejì. Wọ́n pààrọ̀ rédíò, wọ́n pààrọ̀ wáyà, kò yí padà. Wọ́n wá ní kí a bá wọn wò ó. Àbúrò kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n bí sí Sábó Gàrí ní Zaria, ló gun òpó náà. Ó pẹ́ lókè. Nígbà tó sọ̀kalẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, wàláhì, igi ni. Ẹ wo àwọn irúgbá wọ̀nyẹn." Igi irúgbá, tí àwọn Hausa ń pè ní dorowa, máa ń wọ́wé nígbà ẹ̀rùn. Nígbà tí wọ́n gbé òpó kalẹ̀, ẹ̀ka lásán ló wà lójú ọ̀nà, ìgbì ń gba àárín wọn kọjá. Nígbà tí òjò dé, ewé hù, omi sì jókòó sórí ewé, omi sì ni ohun tó ń gbé ìgbì irú èyí mì. Bí ewé bá gbẹ, ìsọ̀rọ̀ á padà. Wọ́n fi páìpù sọ òpó náà ga sí i. Rédíò tí wọ́n ti ń sọ pé ó bàjẹ́ ni wọ́n ṣì ń lò.

Ti pé "bí mo bá gbọ́ ọ, ìwọ náà gbọ́ mi" ló wọ inú iṣẹ́ tèmi jù. Ẹ̀rọ àgbàwọlé, ìyẹn èyí tó ń gba ọ̀rọ̀ àwọn ẹ̀rọ kéékèèké wọlé fún wa, tó wà lórí òrùlé gíga, tó ń jẹ iná ìjọba àti sọ́là ńlá, lè pariwo dáadáa. Sẹ́ńsọ̀, ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn nǹkan, tó wà nínú oko, tó ń lo bátìrì, kò lè dáhùn pẹ̀lú irú ohùn bẹ́ẹ̀. Ó gbọ́ gbogbo àṣẹ tí a fún un, ó sì ń ṣe é. Àwa la kò gbọ́ ọ. Lórí tábìlì wa, ẹ̀rọ náà ti dákẹ́. Lóko, ó ń ṣe ohun tí a ní kó ṣe. Látìgbà tí mo ti rí èyí lójú ara mi, n kò gbà kí akẹ́kọ̀ọ́ kankan kọ̀wé pé ẹ̀rọ kan "kò gba àṣẹ" nígbà tó jẹ́ pé ohun tó mọ̀ kò ju pé òun kò gbọ́ èsì lọ.

Ìdákẹ́jẹ́ tún lè tan ẹni tó ń sọ̀rọ̀ gan-an jẹ. Rédíò púpọ̀ máa ń kọ́kọ́ tẹ́tí kó tó sọ̀rọ̀, kó má bàa forí gbárí pẹ̀lú ẹlòmíràn. Fouad Tobagi àti Leonard Kleinrock ti ṣàlàyé rẹ̀ láti ọdún 1975 pé títẹ́tí nìkan kò tó. Ẹ ronú nípa sẹ́ńsọ̀ méjì ní Bwari, òkè wà láàárín wọn, ẹ̀rọ àgbàwọlé sì wà lórí òkè náà. Èyí tó wà ní apá òsì tẹ́tí, kò gbọ́ nǹkan kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Èyí tó wà ní apá ọ̀tún náà tẹ́tí, kò gbọ́ nǹkan kan, ó bẹ̀rẹ̀. Lókè, ohùn méjèèjì dà pọ̀, kò sí èyí tó yé ẹ̀rọ àgbàwọlé. Wọ́n ti wá ọgbọ́n sí i: ní ọdún 1990, Phil Karn dábàá pé kí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ kọ́kọ́ tọrọ àyè, kí olùgbọ́ fún un láyè kí gbogbo àyíká olùgbọ́ sì gbọ́ pé wọ́n ti fún un. Ọgbọ́n náà wà nínú Wi-Fi títí dòní. Fún sẹ́ńsọ̀ wa, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ju nọ́ńbà mélòó kan lọ, títọrọ àyè gùn ju ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ lọ, nítorí náà a kò lò ó.

Ohun tí a lò dàgbà ju ìyẹn lọ. Norman Abramson àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ní yunifásítì Hawaii ló gbé e jáde ní 1971, wọ́n pè é ní ALOHA, láti fi so kọ̀ǹpútà tó wà ní erékùṣù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ pọ̀. Sọ̀rọ̀ nígbà tó bá wù ọ́. Bí o kò bá rí èsì, dúró fún àkókò tí kò ní ètò, bí ìgbà tí èèyàn ṣẹ́ kèké, kí o tún un sọ. Nínú ìṣirò, kò lè lo ju ìdá 18.4 nínú ọgọ́rùn-ún àyè tó wà lọ, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi máa ń fojú tín-ín-rín rẹ̀. Àmọ́ LoRaWAN, ètò rédíò tí ọ̀pọ̀ sẹ́ńsọ̀ òde òní fi ń rán ọ̀rọ̀ kékeré lọ sọ́nà jíjìn, orí ọgbọ́n ALOHA ló dúró lé. Bí sẹ́ńsọ̀ 100 bá ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá, tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan gba ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá, nǹkan bí 97 nínú ọgọ́rùn-ún ló máa kọjá láì forí gbárí. Fún sẹ́ńsọ̀ tó kàn ń wọn omi inú tánkì, kí ni a tún ń wá?

Ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ àkókò tí kò ní ètò yẹn, nítorí ìlú wa yìí fún un ní ìtumọ̀ tí kò sí nínú ìwé. Ní ẹ̀sítéètì kan tí a ti gbé ẹ̀rọ sí ojú mítà iná, iná ìjọba ni àwọn ẹ̀rọ náà ń jẹ. Bí wọ́n bá mú iná lọ, gbogbo wọn á kú pọ̀. Bí wọ́n bá mú iná dé, àwọn ọmọdé á pariwo "Up NEPA!", gbogbo ẹ̀rọ á sì jí lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo wọn á fẹ́ sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ibi tí a ti ń retí ìròyìn jù, ibẹ̀ ni ariwo á ti bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀rọ tí a bá kọ́ báyìí, bó bá jí, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dákẹ́ fún ìwọ̀n àkókò tó yàn fúnra rẹ̀ láì bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́. Mo gba gbogbo ẹni tó ń kọ́ ẹ̀rọ fún Nàìjíríà nímọ̀ràn kí ó fi èyí sí i láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Kubwa ní kí n wá wo Wi-Fi wọn. Wọ́n ti ra ráútà tuntun, wọ́n ti san owó dátà tó tó, síbẹ̀ bí ìsìn bá ti wọra, àwọn tó ń gbé e sáfẹ́fẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì á máa pariwo pé nẹ́tíwọ̀kì ti kú. Mo jókòó ti ráútà náà, mo ṣí ojú ewé tó ń fi bí fóònù kọ̀ọ̀kan ṣe ń yára tó hàn. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ń sọ̀rọ̀ ní mẹ́gábíìtì 54 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tó ń sọ ọ́ ní mẹ́gábíìtì 1. A wá a kiri títí a fi bá a lọ́wọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń darí mọ́tò lẹ́nu géètì, lẹ́yìn ògiri méjì, tó ń wo fídíò jẹ́jẹ́ tirẹ̀.

Òfin Wi-Fi ni pé ẹnì kọ̀ọ̀kan á sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ìgbà tí wọ́n á sọ̀rọ̀ ló dọ́gba, àkókò tí wọ́n á lò kò dọ́gba. Ẹrù báìtì 1,500 gba nǹkan bí ìdá 12 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá lọ́wọ́ ẹni tó wà ní mẹ́gábíìtì 1. Lọ́wọ́ ẹni tó wà ní 54, kò tó ìdámẹ́rin ìdá kan ṣoṣo nínú ẹgbẹ̀rún. Ìyẹn ni pé ní gbogbo ìgbà tó bá kan fóònù ẹnu géètì, ó ń gba àyè tí àwọn tó wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì ì bá fi sọ̀rọ̀ ju ìgbà àádọ́ta lọ. Àwọn olùwádìí kan ní Grenoble, ilẹ̀ Faransé, tẹ àlàyé èyí jáde ní ọdún 2003, ó sì ṣì wà níbẹ̀ nínú ráútà púpọ̀ tí a ń rà. Mo pa ìwọ̀n yíyára 1, 2 àti 5.5 lórí ráútà náà, kí ó má gba ẹni tó jìnnà jù bẹ́ẹ̀ wọlé mọ́. Fóònù ẹnu géètì já, ó padà sórí dátà tirẹ̀, ìsìn sì lọ sáfẹ́fẹ́ dé ìparí. Láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sí ohun tó kú nínú nẹ́tíwọ̀kì náà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wọ̀ mí lára jù ni abúlé kan lẹ́yìn Kwali. A gbé sẹ́ńsọ̀ sínú tánkì omi tí kànga ẹ̀rọ ń pọn omi sí, pẹ̀lú páńẹ́ẹ̀lì sọ́là kékeré àti bátìrì. Ẹ̀rọ náà ń wọn bí omi ṣe pọ̀ tó, ó ń tan pọ́ǹpù, ó ń pa á, ó sì ń fi ìròyìn ránṣẹ́ sí wa bí fóònù ṣe ń ṣe. Ọ̀yẹ́ dé, ó dákẹ́. Ojú kọ̀ǹpútà wa di pupa. Mo pe mẹ́gádì tó wà níbẹ̀. Ó ní, "Màlámù, iná rẹ̀ ń ṣẹ́jú. Omi wà nínú tánkì. Àwọn obìnrin ń pọn ọ́n báyìí."

A lọ síbẹ̀. Ó rí bí mẹ́gádì ṣe wí gẹ́lẹ́. Eruku ọ̀yẹ́ ti bo páńẹ́ẹ̀lì, ó nípọn débi pé èèyàn lè fi ìka kọ orúkọ sí i, bátìrì kò sì kún mọ́. Iná tó kù nínú rẹ̀ tó fún ọpọlọ ẹ̀rọ náà àti fún gílóòbù kékeré tó ń ṣẹ́jú, nítorí iná tí ìyẹn ń jẹ kéré gan-an. Àmọ́ apá tó ń bá òpó GSM sọ̀rọ̀ lè fa tó áńpìà méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nígbà tó bá ń rán ọ̀rọ̀ jáde. Bó bá ti fẹ́ la ẹnu, fóltéèjì bátìrì á já wálẹ̀, apá náà á pa, á tún tan ara rẹ̀, á tún gbìyànjú, á tún pa. Ẹ̀rọ náà mọ iye omi, ó mọ ìgbà tó yẹ kí pọ́ǹpù ṣiṣẹ́, ohùn nìkan ni kò ní. Mẹ́gádì rẹ àkísà sómi, ó nu páńẹ́ẹ̀lì. Nígbà tí oòrùn gun òkè lọ́jọ́ kejì, gbogbo ìwọ̀n tó ti kó jọ fún ọjọ́ púpọ̀ rọ́ wọlé tọ̀ wá.

Àwọn onímọ̀ ti fi ìṣirò rí èyí tipẹ́. Ní ọdún 1985, Michael Fischer, Nancy Lynch àti Michael Paterson fi hàn pé níbi tí kò bá ti sí òdiwọ̀n fún bí ọ̀rọ̀ ṣe lè pẹ́ tó lójú ọ̀nà, kò sí ọgbọ́n tó ń tẹ̀lé ìlànà kan pàtó, tí kò ṣẹ́ kèké, tó lè fi dá gbogbo ẹ̀rọ lójú pé wọ́n á fohùn ṣọ̀kan, bí ẹyọ ẹ̀rọ kan péré bá lè kú láàárín wọn. Gbòǹgbò rẹ̀ ni pé ẹni tó pẹ́ àti ẹni tó kú kò yàtọ̀ lójú ẹni tó ń dúró. Mo ti kà á nígbà tí mo wà nílé ìwé, mo sì ti kọ ọ́ yege nínú ìdánwò. Ẹ̀yìn Kwali ló ti wọ inú egungun mi.

Kò túmọ̀ sí pé kí a káwọ́ gbera. Ní 1996, Tushar Chandra àti Sam Toueg ṣàlàyé bí a ṣe lè ní olùfura: ohun kan tó ń sọ pé "mo fura pé lágbájá ti kú", tó lè ṣì í, tó sì lẹ́tọ̀ọ́ láti yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà nígbà tó bá gbúròó lágbájá. Bó bá yá tó ń fura sí gbogbo ẹni tó ti kú, tí kò sì fura sí ó kéré tán ẹnì kan tó wà láàyè mọ́, tí èyí tó ju ìdajì lọ sì wà láàyè, ìfohùnṣọ̀kan ṣeé ṣe. Ohun tí a mú nínú èyí lọ sójú kọ̀ǹpútà wa rọrùn. Kò sí "ó ti kú" níbẹ̀ mọ́. "Ó dáhùn" wà, "a ń fura" wà, "ẹnìkan ti lọ wò ó" sì wà. Mẹ́gádì wà lára nẹ́tíwọ̀kì náà. Nọ́ńbà rẹ̀ wà nínú ètò, òun la sì kọ́kọ́ ń pè.

Ẹ wá wo ti owó, nítorí gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Oṣù Kejì ọdún 2023, nígbà tí wọ́n pààrọ̀ owó náírà tí káàṣì wá di ohun àwátì, tíráńsífà ni gbogbo èèyàn ń fi ra ata. Ní ọjà Kubwa, mo dúró lẹ́yìn arákùnrin kan tó ń sọ pé, "Ìyá, mo ti fi ránṣẹ́, wọ́n ti yọ ọ́ lọ́dọ̀ mi." Ìyá aláta dáhùn pé, "Ọmọ mi, n kò tíì rí àlẹ́ẹ̀tì o." Òótọ́ ni àwọn méjèèjì ń sọ. Ọ̀rọ̀ jáde láti orí fóònù, ó kọjá lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà púpọ̀, ọ̀kan kò dáhùn lákòókò. Bóyá owó ti wọlé tí ìròyìn rẹ̀ ló há sọ́nà, bóyá owó kò tíì kúrò níbi kan. Bí arákùnrin náà bá tún un fi ránṣẹ́, ó lè san owó ata lẹ́ẹ̀mejì. Bí kò bá tún un fi ránṣẹ́, ìyá aláta lè pàdánù.

Àlọ́ àwọn onímọ̀ wa kan wà nípa balógun méjì tó dó sí òkè méjì, tí ọ̀tá wà ní àfonífojì láàárín wọn. Wọ́n gbọ́dọ̀ jáde ogun ní ọjọ́ kan náà, àmọ́ ìránṣẹ́ tí wọ́n ń rán síra wọn lè bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá. Balógun kìíní ránṣẹ́. Kò mọ̀ bóyá ó dé àfi bó bá rí èsì. Ẹni tó fèsì kò mọ̀ bóyá èsì rẹ̀ dé àfi bó bá rí èsì èsì. Ìṣirò fi hàn pé iye ìránṣẹ́ yòówù kí wọ́n rán, kò sí ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà á dá àwọn méjèèjì lójú. Arákùnrin yẹn àti ìyá aláta wà lórí òkè méjì.

Ohun tó gbà wá sílẹ̀ ni pé kí títún ọ̀rọ̀ sọ má lè ba nǹkan jẹ́. Ẹ wo rísíìtì tíráńsífà yín, ẹ máa rí nọ́ńbà gígùn kan tí wọ́n kọ Session ID sí iwájú rẹ̀. Nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ ló ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà mọ̀ pé tíráńsífà kan náà ni wọ́n ń bi òun léèrè lẹ́ẹ̀kejì, pé kì í ṣe òmíràn. Bó bá ti ṣe é tẹ́lẹ̀, á kàn tún èsì àtijọ́ sọ. Àwa náà lò ó fún pọ́ǹpù. A kì í sọ fún un pé "fa omi fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí i", nítorí bí ọ̀rọ̀ náà bá dé lẹ́ẹ̀mejì, omi á kún dà sílẹ̀. "Fa omi títí tánkì fi dé ìlà yìí" la máa ń sọ. Bí ó bá gbọ́ ọ nígbà mẹ́wàá, ìlà kan náà ló máa dúró lé. Mo ti fi ọ̀pọ̀ wákàtí jiyàn lórí bí àṣẹ ṣe yẹ kó rí, mo sì gbà pé ibi tí ètò ti ń dára tàbí ti ń bàjẹ́ gan-an nìyẹn.

Aago ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Kírísítà kékeré tó ń ka àkókò nínú ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú lè ṣi nǹkan bí ìdá 20 nínú mílíọ̀nù. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìṣẹ́jú-àáyá méjì lójúmọ́, ó sì ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ láàárín ọdún kan. Nítorí náà, bí ẹ̀rọ méjì bá ń jiyàn lórí èyí tó kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀, ẹ má ṣe fi aago wọn dájọ́. Láti 1978 ni Leslie Lamport ti kọ́ wa pé kí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan máa ka nọ́ńbà, kó máa fi nọ́ńbà náà sínú ọ̀rọ̀ tó bá rán, kí ẹni tó gbà á wo èyí tó tóbi jù nínú tirẹ̀ àti ti ọ̀rọ̀ náà, kó sì fi ẹyọ kan lé e. Bí nǹkan kan bá fa òmíràn, nọ́ńbà ohun tó fà á ló máa kéré jù, èyí sì ni a nílò jù.

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, wáyà mẹ́rin tó wà nísàlẹ̀ òkun, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ nítòsí Abidjan. Àbújá kò sí létí òkun, àmọ́ ọ̀nà tí íntánẹ́ẹ̀tì wa ń gbà jáde lọ sí òkèèrè kọjá l'Ékòó, ó sì wọ omi. Sáfà wa, kọ̀ǹpútà tí gbogbo ìròyìn ń wọlé sí, wà lókè òkun. Lójú rẹ̀, gbogbo abúlé tó wà lọ́dọ̀ wa ló dákẹ́ lọ́jọ́ náà. Pọ́ǹpù kankan kò dúró, nítorí ẹ̀rọ tó wà lẹ́bàá tánkì ló ń pinnu, kì í tọrọ àṣẹ kó tó pa pọ́ǹpù. Eric Brewer sọ ọ́ ní 2000, Seth Gilbert àti Nancy Lynch sì fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 2002, pé bí nẹ́tíwọ̀kì bá pín sí méjì, ẹ ní láti yan: kí ẹ máa dáhùn lọ kí ọ̀rọ̀ má bára mu, tàbí kí ẹ má dáhùn kí ọ̀rọ̀ lè bára mu. Fún omi, mo fara mọ́ dídáhùn lọ. Ìwọ̀n àná sàn ju àìmọ̀ lọ. Fún owó, n kò lè gba irú rẹ̀. Kí ẹ̀rọ kọ̀ jálẹ̀ sàn ju kó ná owó kan lẹ́ẹ̀mejì.

Àwọn abúlé kan wà tí kò sí òpó kankan rárá. Níbẹ̀, a yá ọgbọ́n lọ́wọ́ ìṣe tí wọ́n ń pè ní delay-tolerant networking, ìyẹn nẹ́tíwọ̀kì tó lè fara da ìdádúró, tí Kevin Fall kọ nípa rẹ̀ ní 2003. Ní Kenya, àwọn olùwádìí yunifásítì Princeton, l'Amẹ́ríkà, so rédíò mọ́ kẹ̀tẹ́kẹ̀tẹ́ abilà lọ́rùn. Bí méjì bá pàdé, wọ́n á gba ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ara wọn, títí olùwádìí á fi pàdé ọ̀kan. Ọ̀kadà ni tiwa. Ọlọ́kadà tó ń gbé òṣìṣẹ́ ìlera lọ sí abúlé ní ẹ̀rọ kékeré kan lábẹ́ àga, bó bá ti sún mọ́ tánkì, ẹ̀rọ méjèèjì á sọ̀rọ̀, kó tó padà sí títì. Sẹ́ńsọ̀ kì í pa ìwọ̀n kankan rẹ́ títí èsì á fi padà pé ó ti dé ọ̀dọ̀ wa, ìyẹn sì lè gba ìrìn àjò kejì kí ọlọ́kadà tó gbé èsì náà wá.

Ohun tí a ń ṣe báyìí ni pé kí ẹ̀rọ sọ ohun tó pọ̀ tó nígbà tó bá ṣì lè sọ̀rọ̀. Gbogbo ìròyìn tó ń wọlé ń gbé fóltéèjì bátìrì, ìdí tí ẹ̀rọ náà fi tan ara rẹ̀ kẹ́yìn, àti ìgbà tó rò pé òun á tún sọ̀rọ̀ dání. Bó bá ti rí i pé fóltéèjì ń lọ sílẹ̀, á dín sísọ̀rọ̀ kù kí bátìrì tó já, á sì sọ fún wa pé òun ti dín in kù. Nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, ọmọbìnrin kan ń kọ ètò tó ń fi fóltéèjì yẹn àti eruku inú afẹ́fẹ́ sọ páńẹ́ẹ̀lì tó yẹ kí wọ́n nù kó tó di pé ẹ̀rọ dákẹ́, kí mẹ́gádì lè gba àtẹ̀jíṣẹ́ ní èdè Hausa. Ẹlòmíràn gbé rédíò sí ìhà méjèèjì àwọn irúgbá ọ̀nà Gwagwalada, ó ń wọn ìgbì láti ìgbà tí igi wà ní ìhòòhò títí ewé á fi hù tán. Bí ìwọ̀n tirẹ̀ bá pé, a ó mọ iye tó yẹ kí òpó fi ga sí i kí wọ́n tó rì í mọ́lẹ̀ nígbà ẹ̀rùn, a ó sì fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lò ó.